Ajá Tó Tẹ Ilé Wa Dó: Ohun Tí Àwòrán Tanímọ̀la Kọ́ Mi

Ní ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti àwọn òbí wọn kọ́ sí ní pálọ̀, àwòrán ajá ló wà níbẹ̀ nílé tiwa. Ajá ìbílẹ̀ ni o, kì í ṣe àwọn ajá òyìnbó onírun gígùn tí wọ́n ń gbé jókòó sí iwájú mọ́tò. Ara rẹ̀ pupa, àyà rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ òsì ya. Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo yà á fúnra mi lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wá bá mi pé kí n bá àwọn ya ajá àwọn, kí n bá àwọn ya ológbò àwọn. Ẹnì kan tilẹ̀ mú ọ̀rọ̀ ẹyẹlé wá. Ohun tó sábà máa ń wà lẹ́nu wọn ni pé nǹkan kan ti parí láyé àwọn, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ẹran ọ̀sìn yìí ló sì bá àwọn rìn ín já. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá wo àwòrán náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí tiwọn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn ní ọdún 2011 kò ní gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni, ààwẹ̀ Ràmàdáànù ti ń parí lọ. Òjò ọjọ́ náà kò dẹwọ́. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́, Odò Ọnà ti kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀, ó ti wọ ilé onílé, afárá Apẹtẹ ti já, àwọn tó bómi lọ káàkiri ìlú sì lé ní 100. Àwọn àgbà tó rí omíyalé Ògùnpa ní 1980 ní àwọn kò rò pé ojú àwọn tún máa rí irú rẹ̀. Ilé wa wà lára àwọn tó lọ. Ọlọ́run bá wa ṣe é, a kò pàdánù ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n gbogbo fọ́tò wa ni omi kó: ti ìgbéyàwó, ti ìkómọ àwọn ọmọ, èyí kan ṣoṣo tí a ní tí bàbá ọkọ mi yà kí wọ́n tó kú. Ẹni tí irú èyí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí lè rò pé àga àti fíríìjì ni èèyàn máa ń sunkún lé lórí. Rárá o. Àga á tún wá.

Tanímọ̀la ṣì jẹ́ ajá kékeré nígbà náà. Ọkọ mi ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá kì í sábà sọ ajá lórúkọ lásán. Ohun tí a kò bá lè sọ sí aládùúgbò lójú ni a fi ń pe ajá, kí onítọ̀hún máa gbọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́. Ẹnì kan wà ní àdúgbò tó ń fi ilé alájà méjì rẹ̀ yangàn sí wa, ìdí nìyẹn tí ajá wa fi ń jẹ́ Tanímọ̀la. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò náà, orí pèpéle ilé kan tó wà lókè ni a ti rí i, gbogbo ara rẹ̀ ẹrẹ̀, etí rẹ̀ ti ya, ó ń wò wá bí a ti ń bọ̀. A kò mọ bó ṣe débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbà wá sílé ní Akóbọ̀. Ọlọ́run á san án fún wọn. Wọn kì í gba ajá láàyè nínú ilé, ẹnu géètì ni Tanímọ̀la ń sùn. Lẹ́yìn náà a háyà yàrá ní Òjóò, onílé ibẹ̀ náà kò fẹ́ ajá, ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ọdún ń yí lu ọdún. Nígbà tí ọkọ mi fi máa rí ilẹ̀ rà lókè Moníyà, ohun kan ṣoṣo ló bi ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ fún un: “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni omi ń gbà tí òjò bá rọ̀ níbí?” Ilẹ̀ náà ga, ó dagun sí ìsàlẹ̀ lọ́nà títì. Níbẹ̀ ni a kọ́ ilé wa sí, díẹ̀díẹ̀, bí owó ṣe ń wọlé.

Ọjọ́ tí bíríkìlà da sìmẹ́ǹtì sí ẹnu ilẹ̀kùn iwájú ni Tanímọ̀la gba orí rẹ̀ kọjá kó tó gbẹ. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú méjèèjì wọlẹ̀ dáadáa, ọmọ ìka rẹ̀ hàn níkọ̀ọ̀kan, kódà ojú ibi tí èékánná ti gún un hàn. Inú bí bíríkìlà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sán an padà nígbà tí mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mummy, ó máa ba ẹwà ilé yín jẹ́ o.”

“Kò burú. Ẹ fi í sílẹ̀.”

Láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé, ibẹ̀ gan-an ni ajá náà sọ di ibùsùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Á dùbúlẹ̀ kí ìdí rẹ̀ wà nínú ilé lórí táìsì, kí àyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú wà níta lójú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí òjò bá sì ṣú, ajá ilé kejì á wọ abẹ́ mọ́tò. Tiwa á dìde dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á kọjú sí ìsàlẹ̀ ibi tí títì wà, kò ní kúrò níbẹ̀ títí òjò á fi dá. Ọkọ mi a máa ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá ti wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Èyí ni mo fẹ́ yà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun ni, nítorí ìmọ̀ràn pọ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé mo ti ń lọ kọ́ àwòrán yíyà lọ́jọọjọ́ Sátidé lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan ní Bódìjà, wọ́n sì mọ̀ pé Tanímọ̀la ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi kọ́ ògiri. Àwọn ọmọ mi ní kí n fi oòrùn tó ń yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní òṣùmàrè ló yẹ, nítorí òun ni Ọlọ́run fi ṣe májẹ̀mú pẹ̀lú Nóà lẹ́yìn ìkún-omi. Ọ̀rọ̀ òṣùmàrè yìí wọ̀ mí lára púpọ̀, àwa náà ti rí ìkún-omi tiwa. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ọ̀gá ni mo ń pè é o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọ́bí mi jù ú lọ.

Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Mummy, òṣùmàrè dára. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè ya òṣùmàrè sí ẹ̀yìn ajá èyíkéyìí. Kí ni Tanímọ̀la fúnra rẹ̀ ń ṣe nínú ilé tuntun yín tí kì í ṣe ní ilé tẹ́lẹ̀?”

Mo sọ ti ẹnu ilẹ̀kùn fún un. Mo sọ ti sìmẹ́ǹtì. Ó ní, “Ẹ ti rí i.”

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́, èyí ni mo dì mú jù. Ohun tí a bá mú láti ìta wá lẹ̀ mọ́ ẹran ọ̀sìn, ìbáà ṣe oòrùn, ìbáà ṣe àdàbà funfun, ìbáà ṣe òdòdó, ìta ló ń wà. Ẹni tó ń wo àwòrán á ka oòrùn náà, á ní “ó dára,” á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ìṣe ẹran náà gan-an, èyí tí òun nìkan ń ṣe, tó jẹ́ pé àyè tuntun yìí ló mú un wá, á mú kí ẹni náà dúró béèrè pé, “Kí ló dé tó sùn báyìí?” Bó bá ti béèrè, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ajá kì í jókòó fún ẹni tó fẹ́ yà á. David Hockney, ayàwòrán ará Ìlú Ọba, ya àwọn ajá rẹ̀ méjì, Stanley àti Boodgie, ní àyàtúnyà ní nǹkan bí ọdún 1995, ohun tó sì ṣe ni pé ó fi bébà ńlá sílẹ̀ káàkiri ilé, kí ibikíbi tí wọ́n bá ti sùn lè bá nǹkan ìyàwòrán nílẹ̀, nítorí wọn á dìde kí ènìyàn tó pariwo. Mo gbà á lò. Mo fi ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀kan ní ilé ìdáná, ọ̀kan ní pálọ̀. Ohun tí mo ń fi pẹ́ńsùlù yà kò ju ìlà bí mélòó kan lọ: bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀, bí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣe yọ síta tó bá tẹ́ ẹsẹ̀ iwájú. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn ohun tí n kò rí láti ìgbà tí mo ti ń bu oúnjẹ fún un. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni ó máa ń nà síwájú díẹ̀ ju tòsì lọ. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ láti títì, etí tó ya ló máa ń kọ́kọ́ dìde.

Fọ́tò fóònù náà wúlò, àmọ́ ẹ má dúró lókè yà á. Púpọ̀ nínú fọ́tò tí wọ́n ń mú wá fún mi, òkè orí ajá ni wọ́n ti yà á, orí á tóbi, ẹsẹ̀ á kéré, ojú á máa wo òkè bí ẹni tó ń tọrọ ẹran. Mo gbé fóònù kalẹ̀ sórí ilẹ̀, mo sì dùbúlẹ̀ síta pẹ̀lú ikùn mi nínú ìgbóná ọ̀sán. Láti ìsàlẹ̀ yẹn ni mo ti rí bí ẹnu ilẹ̀kùn wa ṣe ga lójú rẹ̀. Bí mo ṣe fi í sínú àwòrán nìyẹn: ilẹ̀kùn náà gbòòrò lókè rẹ̀, kò tíì ní ọ̀dà kankan lára ju ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà fi ń kun irin kó má baà dípẹtà, nítorí bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí a kó wọlé. Àwọn ọmọ ní kí n ya ilẹ̀kùn bó ṣe rí nísinsìnyí tó ti dán. Mo kọ̀. Ilé tí kò tíì parí ni ilé tuntun.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ gba àkókò. Ajá pupa ni gbogbo ènìyàn ń pe Tanímọ̀la, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí àṣìsọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi pupa kan ṣoṣo kùn ún láti imú dé ìrù, páálí ni yóò dà. Ọ̀gá mi ní kí n wo ibi mẹ́ta: ibi tí oòrùn bà, ibi tí kò bà, àti ibi tó súnmọ́ ilẹ̀. Níbi tí oòrùn bà, burnt sienna, ìyẹn ọ̀dà pupa rúsúrúsú, àti yellow ochre díẹ̀, èyí tó jẹ́ òféèfèé bí amọ̀, ló gbé e. Níbi tó wà nínú ilé, nínú òjìji, mo fi ultramarine tó jẹ́ aró kún burnt sienna yẹn kan náà, ara rẹ̀ sì tutù wọ inú ilé lọ fúnra rẹ̀. Fún dúdú ẹnu àti imú rẹ̀, ó ní kí n má fọwọ́ kan dúdú tó wà nínú túùbù. “Mummy, dúdú yẹn ti kú. Ẹ po ultramarine mọ́ burnt umber, ọ̀dà tó ní àwọ̀ ilẹ̀ dúdú yẹn.” Òótọ́ ni. Dúdú tí a bá pò bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀mí nínú; a lè fà á sọ́nà aró, a lè fà á sọ́nà pupa.

Funfun àyà rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀gá mi fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, èyí tí Franz Marc, ará Jámánì, ya ajá rẹ̀ Russi ní nǹkan bí ọdún 1911. Ó wà ní ilé ọnà Städel ní ìlú Frankfurt. Ajá náà sùn sórí yìnyín. Ajá aláwọ̀ funfun lórí yìnyín funfun, àmọ́ tí ẹ bá wò ó dáadáa, ara ajá ń fà sọ́nà òféèfèé, yìnyín ń fà sọ́nà aró, ìyẹn ni a fi rí ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Mo padà sílé, mo wo àyà Tanímọ̀la lọ́sàn-án. Erùpẹ̀ iwájú ilé wa pupa, oòrùn ń bà á, ó sì ń tan pupa rẹ̀ padà sí abẹ́ àyà ajá. Funfun kò sí níbẹ̀ rárá àfi ní orí èjìká díẹ̀. Abẹ́ àyà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ osùn tí wàrà dà sí. Mo kùn ún bẹ́ẹ̀, ajá náà sì jókòó sórí ilẹ̀ wa, ilẹ̀ Moníyà, kì í ṣe orí ilẹ̀ mìíràn. Ilẹ̀ tuntun náà ti gun ara rẹ̀.

Acrylic, ọ̀dà tí a ń fi omi là, ni mo lò, kì í ṣe ọ̀dà olóròóró, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sáré kiri, olóròóró kì í sì í tètè gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lo acrylic nígbà ọyẹ́ kó ní ike omi tó ń fín nítòsí, nítorí ọ̀dà á gbẹ lórí páálẹ́ẹ̀tì, pákó tí a ti ń po ọ̀dà, kó tó dé kánfáàsì. Kó sì rántí pé acrylic máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ sí i tó bá gbẹ. Ẹ pò ó kó mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ.

Irun ni mo fi ọgbọ́n ilé bàbá mi ṣe. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ìyá bàbá mi aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n. Láfún ni wọ́n ń sè, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́ sára aṣọ funfun kó tó wọ inú aró. Mo máa ń jókòó ti wọ́n láti wo bí wọ́n ṣe ń fa ìlà gígùn kan láì gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n á ní, “Ọwọ́ kọ́ ló ń fà á, èémí ni. Mí síta, kí o tó fà á.” Nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì kékeré kò fún mi ní irun ọrùn Tanímọ̀la bó ṣe tínrín tó, mo lọ ṣa ìyẹ́ adìẹ lẹ́yìnkùlé, mo gé ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi omi la ọ̀dà kó ṣàn, mo mí síta, mo sì fà á. Irun jáde. Ìlà kan náà á bẹ̀rẹ̀ ní nínípọn, á sì parí sí ohun tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Ọ̀gá mi ya fídíò rẹ̀. Ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé. Ẹ máa tẹ̀lé ibi tí irun kọrí sí ṣá: láti imú ló ti ń lọ sókè sí iwájú orí, ó pín sọ́tùn-ún sósì lọ sí etí, ó sì yí po ní àyà. Ẹni tó bá fa irun lòdì sí bó ṣe ń hù, ajá ẹni ẹlẹ́ni ló ń yà.

Ojú ni mo fi sẹ́yìn. Nípa ojú, ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán kan, George Rodrigue, ní ajá kan tó ń jẹ́ Tiffany. Ajá náà kú. Ní 1984, wọ́n ní kó ya ìwin kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní loup-garou fún ìwé ìtàn, ó wá gbé fọ́tò Tiffany jáde, ó sì fi ìdúró ajá náà ya ìwin. Aró ni ara rẹ̀ lábẹ́ òṣùpá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń dẹ́rù bani. Bí ọdún ti ń lọ, ó yí ojú náà padà sí àwọ̀ òféèfèé, ẹ̀rù sì kúrò lára rẹ̀. Ajá Aláró yìí ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́. Ìdúró kò yí padà, etí kò yí padà. Ojú nìkan ló sọ ìwin di ajá tí ènìyàn fẹ́ràn. Mo ro èyí dáadáa kí n tó fọwọ́ kan ojú Tanímọ̀la. Bí mo bá jẹ́ kó máa wò wá, àwọn tó wà nínú pálọ̀, á di ajá tó ń sọ́ ohun tó ti kọjá. Mo jẹ́ kó wo ìta. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà nínú ẹyin ojú rẹ̀, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, mo fi í sí apá ibi tí títì wà.

Àwọn kan bi mí pé ṣé kí n máa ya etí tó ya. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ní, “Dí i fún un. Àwòrán ni, ta ló máa mọ̀?” Mo gbọ́ tiwọn, n kò sì dí i. Kò sí omi kankan nínú àwòrán náà, kò sí afárá, kò sí ilé tó wó. Etí yẹn nìkan ni mo fi sílẹ̀ láti inú ọdún 2011. Lójú tèmi, ìbẹ̀rẹ̀ tuntun tí a kò rí àpá kankan lára rẹ̀, ti ẹni tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ sí rí ni.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ọ̀yọ́, wọn kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ajá lo gbé kọ́ ògiri yìí, tí àwòrán bàbá ọkọ rẹ kò sí níbẹ̀?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Omi ló kó ti Bàbá lọ.”

Wọ́n dákẹ́. Àwa tí Ògún ń gba ajá lọ́wọ́ wa, gbígbé ajá kọ́ ògiri kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Mo fẹ́ sọ ti William Hogarth, ayàwòrán ará Ìlú Ọba, tó ya ara rẹ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀ Trump ní 1745, tó jẹ́ pé òun ọ̀gá ló wà lórí kánfáàsì tí a ń rí nínú àwòrán, tí ajá sì jókòó síta níwájú rẹ̀, gbangba, bí ẹni pé òun ni ẹlẹ́ran ara. Kò kan ibẹ̀. Ìyá náà rìn súnmọ́ àwòrán, wọ́n wo ojú ẹsẹ̀ tó wà nínú sìmẹ́ǹtì, wọ́n yíjú wo ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n rí ti gidi nílẹ̀. Wọ́n ní, “Áà. Òun ló tẹ ilé yìí dó.”

Mo gbọ́, ara mi bù máṣọ. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni. Ìlú tó pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ débẹ̀. Ogbómọ̀ṣọ́ rèé, tí Ògúnlọlá ọdẹ pàgọ́ sí. Ta ni kò sì mọ̀ pé ọdẹ kì í dá wọ igbó, ajá ló ń ṣáájú rẹ̀? Ajá ló ń gbóòórùn ilẹ̀ kí olówó rẹ̀ tó mọ̀ pé ibẹ̀ ṣe é gbé. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá ọkọ mi ti ń fi àwòrán náà han àlejò kí èmi tó dé pálọ̀, tí wọ́n bá wà nílé. Bí àwọn ọmọ bá sì ní kí wọ́n sọ bí Bàbá ṣe rí, ìdí àwòrán yẹn ni wọ́n ti máa ń jókòó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan nípa gbígbé e kọ́, nítorí mo ti rí i níbi púpọ̀. Ilé tuntun lómi nínú ògiri. Sìmẹ́ǹtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ máa ń tú omi sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹ bá sì lẹ kánfáàsì mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ẹ̀yìn rẹ̀ á hu funfun nígbà òjò. Mo fi fáníìṣì lé iwájú rẹ̀, mo gé ìdérí kọ́ọ̀kì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín, n kò sì gbé e kọ́ ògiri ìta tí òjò ń lù. Lókè dáadáa ni mo gbé e sí. Ẹ̀yin mọ ìdí rẹ̀.

Tanímọ̀la ti di arúgbó ajá kó tó kú. Inú mi dùn pé ojú ayé rẹ̀ ni mo yà á, tó ń wá fi imú kan ẹsẹ̀ kánfáàsì. Bí ẹran ọ̀sìn yín bá wà láàyè, ẹ má dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lónìí, kódà bí ẹ kò bá tíì ní búrọ́ọ̀ṣì. Ìwé ìdáná àti pẹ́ńsùlù tó.

Àwọn tó ń wá bá mi nísinsìnyí, n kì í kọ́kọ́ gba fọ́tò lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń bi wọ́n léèrè: kí ló ń ṣe báyìí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀? Ẹni tó kúrò nílé ọkọ lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kó tó ní, “Ó ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí.” Nǹkan tí a máa yà nìyẹn. Ẹlẹ́yẹlé tí mo mẹ́nu kàn níṣàájú kó láti Èkó padà sí Ìbàdàn lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ kí n ya ẹyẹlé rẹ̀ tó ń fò lọ sókè sánmà. Nígbà tí mo bi í, ó ní ẹyẹ náà kì í fò mọ́ bí tẹ́lẹ̀. Igi ló ń ṣà. Ó ń kọ́ ìtẹ́ sórí fèrèsé ilé ìdáná. Orí fèrèsé náà ni mo yà, pẹ̀lú igi kékeré lẹ́nu ẹyẹ, àti kọ́ọ̀pù tíì tí onítọ̀hún kò lè gbé kúrò níbẹ̀ mọ́ nítorí ìtẹ́ ti yí i ká.

Èyí tó wà níwájú mi báyìí jẹ́ ti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó ní ológbò dúdú kan. Àpò tó fi ń gbé ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé ti wà lórí àga láti ọjọ́ tó ti parí iṣẹ́, ológbò náà sì ti wọ inú rẹ̀, ó ti bímọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ tó dára kí n tó wá yà wọ́n. Mo ti pè é lórí fóònù pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kó ṣí wíńdò apá ìlà oòrùn sílẹ̀, kó fi àpò náà síbi tó wà, n ó dé láàárọ̀ Sátidé kí ìmọ́lẹ̀ tó le jù.